ẸNI TÓ FI ILẸ̀ SÍLẸ̀ NI KÍ INÁ KỌ́KỌ́ TÀN FÚN

 

Ẹ dúró sí Boundary ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ẹ kọjú sí ìhà Àpápá. Ẹ ó rí iná. Èbúté mọ́lẹ̀ bí ọ̀sán. Kéréènì ń gbé àpótí ẹrù sókè sódò, iná wọn kì í kú títí ilẹ̀ fi mọ́. Ẹ wá yíjú padà sí òpópó tiwa. Kí lẹ rí? Fìtílà, tọ́ọ̀ṣì, àti èéfín jẹnẹrétọ̀.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹnikẹ́ni kò lè já wáyà rẹ̀ mọ́ wa lórí. Afẹ́fẹ́ òkun ni. Ó ń fẹ́ wọlé láti orí omi, ó ń gba orí Àpápá kọjá, ó ń dé ọ̀dọ̀ wa ní Ajégúnlẹ̀. Kò béèrè bóyá olówó ni wá tàbí mẹ̀kúnnù. Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ yìí, àti ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a lè fi gbà á sílẹ̀, la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ní ọdún 1964, Ben Enwonwu ṣe ère Ṣàngó kan, wọ́n sì gbé e kalẹ̀ síwájú olú ilé iṣẹ́ ECN ní Marina. Wọ́n ní Ṣàngó ló ni iná. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà wa mọ̀ pé kí Ṣàngó tó dé, Ọya ìyàwó rẹ̀ ló máa ń ṣíwájú, nítorí Ọya ló ni ẹ̀fúùfù. Onígbàgbọ́ àti Mùsùlùmí kó má bínú sí wa, àpèjúwe la ṣe. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún tí a ti ń bẹ Ṣàngó Marina. Ìgbà wo la fẹ́ ké sí Ọya?

ORÚKỌ Ń YÍ, ÒKÙNKÙN KÒ YÍ

Iná kò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Èkó. Ọdún 1896 ló kọ́kọ́ tàn níbí. Ọdún 1923 ni ìjọba òyìnbó gbé ilé iṣẹ́ iná tó ń jó èédú sí Ìjọra, tí kò jìnnà sí Àpápá rárá. Ní 1950 wọ́n ṣe òfin tó dá ECN sílẹ̀. Ní 1972 wọ́n sọ ọ́ di NEPA. Ní 2005 wọ́n ní PHCN ni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2013 wọ́n tà á fún àwọn oníṣòwò, àwa ará Àpápá àti Ajégúnlẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ Eko Disco. Títí di òní olónìí, bí iná bá dé, igbe "Up NEPA!" làwọn ọmọ wa ń ké. Ọmọdé pàápàá mọ̀ pé aṣọ ni wọ́n pààrọ̀, ara kan náà ló wà nínú rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin ọdún 2024, wọ́n gbé owó iná àwọn tí wọ́n pè ní Band A láti nǹkan bíi náírà 68 lọ sí náírà 225 lórí yúníìtì kan. Wọ́n dín in kù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ti gbé ẹrù ọ̀kẹ́ mẹ́ta lé lórí, tí wọ́n wá bu agolo kan kúrò níbẹ̀, ṣé ó ti sọ̀? Ohun tí wọ́n ń wí ni pé ẹni tó bá fẹ́ iná wákàtí 20 lójúmọ́ kó sanwó, ẹni tí kò bá lówó kó jókòó sínú òkùnkùn rẹ̀.

Ẹ kúrò níbẹ̀, ẹ wá sídìí jẹnẹrétọ̀. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, lítà pẹtiróòlù kan kò tó náírà 200. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti ju náírà 900 lọ. Télọ̀ tó ń ránṣọ ní Cardoso, onígbàjámọ̀ tó wà ní Mobil Road, ìyá tó ń ta ẹja tútù ní ọjà Boundary, ta ni nínú wọn tí "I-pass-my-neighbour" kò tíì jẹ èrè rẹ̀ tán? Ká má tilẹ̀ sọ ti èéfín rẹ̀ tó ń pa ènìyàn mọ́jú nínú yàrá.

BÍ Ó TI Ń ṢIṢẸ́

Ẹni tó bá ti gun kẹ̀kẹ́ ológeere rí mọ dáínámò. Bí táyà bá ń yí i, iná iwájú kẹ̀kẹ́ á tàn. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ iná afẹ́fẹ́ ń ṣe kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́bẹ̀ mẹ́ta wà lórí òpó gíga. Afẹ́fẹ́ ń yí abẹ́bẹ̀, abẹ́bẹ̀ ń yí dáínámò tó wà lẹ́yìn rẹ̀, wáyà ń gbé iná sọ̀ kalẹ̀ wá sínú bátìrì, láti ibẹ̀ ni ilé ti ń lò ó. Kò mu epo, kò sì rú èéfín.

Ẹ má rò pé iṣẹ́ àwọn òyìnbó nìkan ni. Ní orílẹ̀-èdè Màláwì, nígbà tí ìyàn mú ní 2001 sí 2002, ọmọkùnrin kan tí ń jẹ́ William Kamkwamba fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ nítorí owó. Kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlá lọ. Ó ń lọ ka ìwé ní ilé ìkàwé abúlé, ó ṣa irin kẹ̀kẹ́ àtijọ́, abẹ́bẹ̀ tírákítọ̀ àti dáínámò jọ, ó gé igi fi ṣe òpó, ó sì fi afẹ́fẹ́ tan iná sínú ilé bàbá rẹ̀. Ní Scoraig, ní ilẹ̀ Scotland, níbi tí wáyà ìjọba kò dé, àwọn ará abúlé ti ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ tan iná láti bí ogójì ọdún sẹ́yìn àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Abẹ́bẹ̀ igi ni wọ́n ń gbẹ́, kọ́ìlì ni wọ́n ń fọwọ́ wé. Ẹ̀yin wẹ́dà wa, ẹ̀yin rewáyà tí ẹ ń wé kọ́ìlì jẹnẹrétọ̀ lójoojúmọ́ ní Ajégúnlẹ̀, èwo ló ṣòro nínú ìyẹn?

A KÒ NÍ PURỌ́ FÚN YÍN NÍTORÍ ÌBÒ

Ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè mọ bí a ti ń ṣèlérí iná ọ̀sán-gangan. Àwa yóò sọ òtítọ́ fún yín, bó tilẹ̀ korò.

Òtítọ́ kìíní: afẹ́fẹ́ Èkó kò le tó ti Jos tàbí Sókótó. Bẹ́ẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ní ìṣirò tirẹ̀. Bí eré rẹ̀ bá di ìlọ́po méjì, iná tó lè mú wá á di ìlọ́po mẹ́jọ. Bí eré rẹ̀ bá dín sí ìdajì, iná á dín sí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Ẹ jẹ́ ká mú ẹ̀rọ kan tí abẹ́bẹ̀ rẹ̀ fẹ̀ tó mítà 3 láti etí kan dé èkejì. Bí afẹ́fẹ́ bá ń sáré mítà 4 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nǹkan bíi wáàtì 80 ni ẹ̀rọ náà á mú wá. Gílóòbù mẹ́jọ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ wáàtì 10 nìyẹn. Bí afẹ́fẹ́ náà bá di mítà 8, ó lè tó wáàtì 650. Nítorí náà, ẹni tó bá wá sọ fún yín pé ẹ̀rọ kékeré kan á gbé áyọ́ọ̀nù, á gbé fíríìjì, á sì gbé ẹ̀rọ amúlétutù, gbájúẹ̀ ni. Ẹ lé e jáde.

Òtítọ́ kejì: afẹ́fẹ́ kì í ráàyè láàárín ilé. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sọ pé kí ìsàlẹ̀ abẹ́bẹ̀ fi ẹsẹ̀ bàtà 30 ga ju gbogbo ilé àti igi tó wà láàárín ẹsẹ̀ bàtà 500 sí i. Ẹ wo Ajégúnlẹ̀ o! Ilé fara ti ilé, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fara ti pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Lánlọ́ọ̀dù tó bá kan ẹ̀rọ yìí mọ́ òrùlé ilé rẹ̀ ní àárín àdúgbò ti fi owó rẹ̀ ṣòfò.

Níbo wá ni ààyè wà? Etí omi ni. Ilẹ̀ ẹbí tó wà lẹ́bàá ọ̀sà, ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí tó tẹ́jú, àti jù wọ́n lọ, àwọn ọgbà ńláńlá tí ilé ìkẹ́rùsí wà ní Àpápá. Àpápá ló ní ilẹ̀ gbalasa, Ajégúnlẹ̀ ló ní èrò. Ọ̀pọ̀ ọdún ni tírélà tó ń lọ sí èbúté fi dí Wharf Road àti Creek Road, tí aboyún ń rọbí nínú gosiló. Àwọn tó ń jèrè èbúté ti jẹ ọ̀nà wa. Kò pọ̀ jù bí a bá ní kí wọ́n yá wa ní igun ọgbà wọn, níbi tó jìnnà sí àgbá epo, kí wáyà sì ti ibẹ̀ wọ òpópó wa.

Òtítọ́ kẹta: afẹ́fẹ́ nìkan kò tó, a gbọ́dọ̀ so ó pọ̀ mọ́ sólà. Oòrùn ń ràn nígbà ẹ̀rùn. Nígbà tó bá di oṣù keje àti ìkẹjọ tí ojú ọ̀run ṣú, afẹ́fẹ́ òkun a máa le sí i. Bí ọ̀kan bá rẹ̀, èkejì á gbà á.

Wọn ó ní, "Ṣebí wọ́n dán an wò ní Katsina, kò yọrí?" Ní Lambar Rimi, ìjọba gbé ẹ̀rọ 37 dìde, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ kílówáàtì 275, àpapọ̀ wọn jẹ́ bíi mégáwáàtì 10. Ní oṣù kejìlá ọdún 2012, àwọn agbébọn jí ẹnjinníà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó wà nídìí iṣẹ́ náà gbé, iṣẹ́ sì fà sẹ́yìn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló jẹ̀bi. Ohun tí a kó jọ sójú kan, tó wà lọ́wọ́ ẹnìkan, bó bá dá, gbogbo rẹ̀ ló dá. Bí ẹ̀rọ kéékèèké mẹ́wàá bá wà lọ́wọ́ ènìyàn mẹ́wàá, tí ọ̀kan bàjẹ́, mẹ́sàn-án ń yí lọ.

AWÁWÍ TI TÁN

Láti ọdún 1999, ìran ẹgbẹ́ kan náà ló ń jókòó sí Aláùsá. Wọ́n jẹ́ AD, wọ́n jẹ́ AC, wọ́n jẹ́ ACN, wọ́n sì wá di APC. Nígbàkigbà tí a bá béèrè iná lọ́wọ́ wọn, Abùjá ni wọ́n ń nà wá sí. Wọ́n ní òfin kò gbà fún ìpínlẹ̀. Síbẹ̀, nígbà tí òkùnkùn dé ọ́fíìsì tiwọn, wọ́n rí ọgbọ́n dá: ní 2013 wọ́n gbé ilé iṣẹ́ iná kan kalẹ̀ fún Aláùsá. Ọgbọ́n yẹn kò rìn dé Ajégúnlẹ̀.

Ní báyìí, afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìẹ. Ní oṣù kẹta ọdún 2023, wọ́n tún òfin ilẹ̀ wa ṣe, ìpínlẹ̀ sì lè ṣe iná, kó gbé e, kó sì pín in. Ní oṣù kẹfà ọdún kan náà, Òfin Iná tuntun jáde. Ní oṣù kejìlá ọdún 2024, Gómìnà Sanwo-Olu buwọ́ lu òfin iná ti Ìpínlẹ̀ Èkó fúnra rẹ̀. Láti 2005 ni òfin àpapọ̀ sì ti gbà kí ènìyàn ṣe iná tí kò ju mégáwáàtì 1 lọ lójú kan láìgba láísẹ́ǹsì. Abùjá ti kúrò lójú ọ̀nà. Bí òkùnkùn bá ṣì wà, ẹ mọ ẹni tí ẹ ó bi.

Owó ńkọ́? Ní ọjọ́ 11 oṣù keje ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ pàṣẹ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ṣíámáànì yín ní Ajérọ̀mí-Ìfẹ́lódùn àti ní Àpápá: nínú owó náà, èló ló bọ́ sórí iná ilé ìwòsàn kékeré tó wà ní wọ́ọ̀dù yín?

Ẹ̀YIN ONÍLẸ̀, Ẹ ṢỌ́RA

Ibí lọ̀rọ̀ gbé kù. Ẹ̀rọ iná afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ dúró sórí ilẹ̀, ilẹ̀ sì ní olówó. Àwa ọmọ Èkó kì í ṣe ọmọdé nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ní 1913, ìjọba òyìnbó gba ilẹ̀ ní Àpápá. Nígbà tó kan owó ìtanràn, ilé ẹjọ́ níbí sọ pé agbára ìṣàkóso lásán ni Olóyè Olúwa ní lórí ilẹ̀ náà, pé kì í ṣe tirẹ̀. Olóyè Àmódù Tìjání, tó jẹ́ Olúwa nígbà náà, kò gbà. Ní 1920 ó wọkọ̀ ojú omi lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay tẹ̀lé e lọ, ó sì mú ọ̀pá Elékò Èṣùgbàyí dání. Ní 1921, Privy Council dá a láre: àwọn ará ìlú ló ni ilẹ̀ náà, owó ẹni tó ni ín gan-an sì ni kí ìjọba san. Ilẹ̀ Àpápá yìí kan náà ni o! Baba wa jà fún un títí dé ọ̀dọ̀ ọba Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ má fi owó ọtí ẹlẹ́rìndòdò buwọ́ lù ú.

Òfin Ilẹ̀ ọdún 1978 ti fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Nítorí náà, ẹni tí kò bá ní ìwé tó dúró ṣinṣin ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ tì. Ní Kẹ́ńyà, lẹ́bàá adágún Turkana, wọ́n gbé ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá 365 dìde. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2021, ilé ẹjọ́ kan ní Meru sọ pé ọ̀nà tí wọ́n gbà rí ìwé ilẹ̀ náà kò bófin mu, nítorí wọn kò bá àwọn ará ibẹ̀ ṣe é bó ti yẹ. Bí ẹjọ́ ṣe ń lọ nígbà náà, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ń yí.

Ká tilẹ̀ má lọ jìnnà. Láti 2001 tí fóònù alágbèéká ti dé, ẹ ti rí òpó fóònù nínú ọgbà onílé káàkiri. Ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ yìí ti gbé ilé kan tí irú òpó bẹ́ẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Baba onílé buwọ́ lu ìwé tí kò kà dé ìsàlẹ̀. Jẹnẹrétọ̀ abẹ́ òpó ń kù tọ̀sán-tòru, àwa ayálégbé ń gbọ́ ariwo rẹ̀ nínú òkùnkùn. Gílóòbù kan ṣoṣo, wọn kò tàn án fún wa. Owó ọjà ń gòkè, owó tí wọ́n ń san fún baba dúró sójú kan. Nígbà tí baba kú, àwọn ọmọ rẹ̀ kò mọ ọdún tí àdéhùn náà yóò parí. A kò fẹ́ kí ti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ rí bẹ́ẹ̀.

OHUN TÍ ẸGBẸ́ WA YÓÒ ṢE

Bí ẹ bá fi ìbò gbé wa wọlé, a ó ṣe òfin nípa ẹnikẹ́ni tó bá gba ẹ̀rọ iná afẹ́fẹ́ tàbí sólà sórí ilẹ̀ rẹ̀. Ohun tí yóò wà nínú rẹ̀ nìyí:

Èkíní, ẹni tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ àti àwọn aládùúgbò rẹ̀ ni kí iná kọ́kọ́ tàn fún, kó tó lọ síbòmíràn.

Èkejì, kí wọ́n ka ìwé àdéhùn sétí onílẹ̀ ní èdè tó gbọ́, níṣojú ẹlẹ́rìí, ìbáà ṣe Yorùbá, Ìgbò, Ìjọ́, Ùròbò, Ìlàjẹ tàbí Haúsá. Gbogbo wa la jọ ni Ajégúnlẹ̀.

Ẹ̀kẹta, kí owó ilẹ̀ máa yí padà ní ọdún méjì-méjì. Ọjọ́ tí àdéhùn bá parí, ẹni tó gbé òpó wá ni yóò hú u lọ.

Ẹ̀kẹrin, ilẹ̀ ṣì jẹ́ ti onílẹ̀. Lánlọ́ọ̀dù kò sì gbọdọ̀ tìtorí iná náà lé ayálégbé jáde.

Ẹ̀karùn-ún, ibi tí òpó bá wà, bó bá ṣubú, kó má lè kan ilé ẹnikẹ́ni.

Ẹ̀kẹfà, àwọn ọmọ wa, wẹ́dà àti rewáyà, ni yóò kọ́ iṣẹ́ náà tí wọn ó sì máa tún un ṣe, nítorí atẹ́gùn iyọ̀ òkun ń jẹ irin, ẹ̀rọ náà yóò sì fẹ́ ìtọ́jú nígbà gbogbo.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n sọ pé tálákà kò lè ní irú nǹkan báyìí. Ní erékùṣù Samsø, ní Denmark, láti ọdún 2000 ni ẹ̀rọ 11 ti wà lórí ilẹ̀ wọn. Àwọn àgbẹ̀ àti ẹgbẹ́ alájọṣe ará erékùṣù náà ló ni wọ́n. Kí ni wọ́n ṣe? Wọ́n dáwó jọ. Ìyá ọlọ́jà Boundary tó ti ń dá èsúsú láti ìgbà ọmọge mọ èyí jù wọ́n lọ. Ohun tó kù ni ìjọba tí kò ní jí àpótí èsúsú gbé.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Badagry, ní Ìbẹ̀jù, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní etí òkun gbogbo, afẹ́fẹ́ tiyín mọ́ ju tiwa lọ, ilẹ̀ yín sì gbòòrò. Ọ̀dọ̀ yín ni wọn ó kọ́kọ́ wá. Bí àlejò bá dé pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ẹ bi í léèrè mẹ́rin kí ẹ tó fi bírò kan ìwé: Èló? Títí di ìgbà wo? Iná wo ni yóò wọ ilé mi? Ta ni yóò san án bí nǹkan bá bàjẹ́? Bí kò bá lè dáhùn, kó gbé ìwé rẹ̀, kó máa lọ.

Ìdìbò 2027 ti dé tán. Ẹni tí kò tíì ní káàdì ìdìbò, kó lọ gbà á. Ẹni tó ní in, kó tọ́jú rẹ̀ ju owó lọ. Ẹ má ta á nítorí ìrẹsì kọ́ńgò kan. Ìrẹsì á tán lọ́la, òkùnkùn á ṣẹ́ kù fún ọdún mẹ́rin.

Ilẹ̀ wa, afẹ́fẹ́ wa, iná wa!